Ojú Ẹsẹ̀ Lẹ́bàá Òfì Múdì

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2013, Múdì aya Fàlíhì kú ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Jahra. Wọ́n sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.

Àwọn ọmọ rò pé kò ní sí ibùdó lọ́dún náà. Oṣù kọkànlá wọlé, gbogbo Kuwéètì bẹ̀rẹ̀ sí í di àgọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù, wọ́n ń forí lé aṣálẹ̀ láti lọ lo ìgbà òtútù níbẹ̀. Sánádì, àkọ́bí Fàlíhì, wá bá bàbá rẹ̀ ní yàrá àlejò. Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ fa irùngbọ̀n.

"Bàbá, àwa rò pé kí ẹ sinmi lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó máa bi wá léèrè."

"Ta ló sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ẹ di àgọ́. Ẹ má gbàgbé àgọ́ kékeré ìyá yín."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Fàlíhì ti ṣe ọlọ́pàá ẹnubodè títí ó fi fẹ̀yìn tì, kì í tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú àgọ́ kékeré yẹn ni Múdì ti máa ń hun aṣọ. Òfì rẹ̀ kì í ṣe èyí tó dúró. Èèkàn mẹ́rin tí wọ́n gbá wọlẹ̀ ni, tí wọ́n na òwú irun àgùntàn sáàárín wọn, tí obìnrin á sì jókòó sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìkélé ló ń hun, aṣọ gígùn tó ń pín àgọ́ sí méjì, kí apá àwọn ọkùnrin yàtọ̀ sí apá àwọn obìnrin. Pupa, dúdú àti funfun ni. Nígbà tí ìgbà òtútù ọdún tó ṣáájú parí, kò tíì hun ún tán. Ó ká a mọ́ èèkàn, ó fọwọ́ gbá a bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn, ó ní, "Ó dọdún." Ẹ̀ẹ̀rùn dé, àìsàn sì bá a wọlé.

Nígbà tí wọ́n dé aṣálẹ̀, Fàlíhì fúnra rẹ̀ ló gbá èèkàn náà wọlẹ̀ níbi tí Múdì máa ń gbá a sí. Ó fa òwú náà le bí Múdì ṣe máa ń fà á. Ó wá pe gbogbo ilé jọ sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ kékeré.

"Ẹ wo ibi tí ọwọ́ ìyá yín dé," ó wí. "Ibẹ̀ ni yóò wà. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti onítọ̀hún ni."

Kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ mọ́ láyé. Ó fẹ́ kí aṣọ náà wà bí ọwọ́ aya rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀, kó má kúrú, kó má gùn.

Ìgbà òtútù aṣálẹ̀ kì í ṣe ìgbà ìjókòó lásán. Òjò tètè rọ̀ lọ́dún náà, koríko yọ ní àfonífojì, gbogbo ènìyàn sì jáde bí eèsún tó rí òjò. Ní ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ á máa wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ọ̀dọ́ á máa gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kọjá lórí òkìtì iyanrìn, ìyá wọn á máa pariwo. Àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, àwọn kan ń fi okùn darí káìtì lójú ọ̀run. Àwọn àgbà a máa ta káàdì, wọ́n á máa fi ẹ̀sùn ìrẹ́jẹ kan ara wọn, òótọ́ ni ẹ̀sùn náà sì sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó ní àṣá ọdẹ á gbé e wá lórí ọwọ́. Àwọn obìnrin a máa lọ láti ibùdó kan sí èkejì pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ aṣọ. Kọfí kì í tán lórí iná, dàbínù kì í tán nínú àwo.

Láàárín gbogbo ayọ̀ yìí, Fàlíhì jókòó bí ẹni tó ń ṣọ́ oko àgbàdo. Àlejò tó bá dìde láti lọ tọ̀, ojú rẹ̀ á sìn ín lọ, á sì sìn ín padà. Ó ń kí ènìyàn, ó ń bu ẹran fún wọn. Tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, etí rẹ̀ wà ní ìhà àgọ́ kékeré.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó wọ àgọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì rí ìlà funfun kan. Ìlà tín-ín-rín ni, ó gba ìbú aṣọ kọjá. Lẹ́yìn ìlà náà, aṣọ ń bá a lọ.

Fàlíhì kúnlẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tuntun náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tán. Múdì kò fa irú ìlà funfun bẹ́ẹ̀ rí. Ibi tuntun náà kò sì dán bíi tirẹ̀. Ó le níbì kan, ó dẹ̀ níbì kan, bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọ́ èdè.

Kò pariwo. Ó jáde, ó lọ bá Rafíìkì nídìí iná. Ará Bangladẹ́ṣì ni Rafíìkì, ó ti ń se kọfí fún ilé náà láti ìgbà tí Sánádì ti wà nílé ẹ̀kọ́.

"Rafíìkì, ṣé o mọ aṣọ hun?"

"Aṣọ kẹ̀? Bàbá, bọ́tìnnì tó já lára ṣẹ́ẹ̀tì mi yìí, ìyàwó mi ní Bangladẹ́ṣì ni mò ń dúró dè kó bá mi rán an."

"Ta ló wọ àgọ́ kékeré?"

"Ewúrẹ́ Dàkílì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mo lé e."

"Ewúrẹ́ kì í hun aṣọ."

"Rafíìkì náà kì í hun ún, Bàbá."

Fàlíhì kò rẹ́rìn-ín. Orúkọ kan ṣoṣo ló gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, Dàkílì.

Ibùdó Dàkílì ló kọjú sí tiwọn ní òdìkejì àfonífojì. Láti ìgbà èwe wọn ni àwọn méjèèjì ti ń pàgọ́ síbẹ̀, wọ́n jọ kàwé, wọ́n jọ gbéyàwó lọ́dún kan náà. Ṣùgbọ́n Dàkílì ní ìyá, ìyá náà sì mọ aṣọ hun ju gbogbo obìnrin ìgbèríko yẹn lọ. Nígbà ayé Múdì, tí arúgbó náà bá ti yọjú sí òfì rẹ̀, á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ní, "Ó wọ́." Kò sí ọjọ́ kan tí kò wọ́. Òun ló wẹ òkú Múdì. Lọ́jọ́ ìkẹta tí wọ́n ń gbàdúrà, ó ránṣẹ́ pe Fàlíhì sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn obìnrin, ó ní, "Fàlíhì, gbé iṣẹ́ orí òfì yẹn fún mi. Iṣẹ́ tí kò parí kì í sinmi, ẹni tó fi í sílẹ̀ náà kì í sinmi."

Fàlíhì ti dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, Ìyá."

Nígbà tí arúgbó náà ń lọ, ẹrù kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin Fàlíhì ń pín aṣọ ìyá wọn fún àwọn ènìyàn nítorí Ọlọ́run, Fàlíhì kò sì bi wọ́n ta ni wọ́n fún ní kí ni. Nísinsìnyí ó rántí ẹrù náà.

Lálẹ́, nídìí oúnjẹ, ó sọ ọ́ fún Sánádì.

"Aṣọ ìyá rẹ ti gùn sí i."

"Bàbá, ìrì ni. Irun àgùntàn máa ń fà."

"Ṣé ìrì náà ló ń pa á láró?"

Sánádì wo ojú ìyàwó rẹ̀, Tárífà, tó ń bu tíì oníwàrà. Tárífà ń wo ife. Ọmọ inú ìlú ni, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n mú un wá sí aṣálẹ̀, ó so okùn àgọ́ mọ́ ọkọ̀, Sánádì sì wa ọkọ̀ lọ tòun ti àgọ́. Ẹbí kò tíì dẹ́kun láti máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Fàlíhì kò tilẹ̀ wo ìhà ibi tó wà.

"Olè aṣọ wà," Fàlíhì wí, "tó ń jí i kúrú. Èyí ń jí i gùn. Èwo ló burú jù?"

Sánádì nawọ́ sí búrẹ́dì.

Láti ọjọ́ náà, ohun gbogbo di ẹ̀rí lójú rẹ̀. Àlejò kan wọlé, Fàlíhì rí fọ́nrán pupa lára aṣọ rẹ̀, ó wò ó títí ọkùnrin náà fi bi í bóyá àkekèé ló wà níbẹ̀. Dàkílì wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àṣá funfun rẹ̀, ó jókòó, ó mu kọfí.

"Bàbá Sánádì, ojú rẹ le bí ojú àṣá tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu rẹ̀."

"Mo wà dáadáa."

"Ìyá mi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní báwo ni aṣọ?"

"Aṣọ wo?"

"Èmi ò mọ̀. Aṣọ ni wọ́n wí. Bóyá èyí tó wà lọ́rùn rẹ ni, torí ó ti ń fẹ́ fífọ̀."

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Fàlíhì wo ẹnu Dàkílì bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó bá ní nǹkan tó ń fi pamọ́ ni ẹ̀rín rẹ̀ máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún ni, ẹ̀rín náà kò sì yàtọ̀ sí èyí tó ti ń gbọ́ láti ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé oògùn tí a bá lò jù a máa dá àrùn tirẹ̀ sílẹ̀.

Aṣọ náà tún gùn. Nígbà tó rí i lẹ́ẹ̀kẹta, Fàlíhì padà sí iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní kíka ẹsẹ̀ lórí iyanrìn. Ní ẹnubodè, òun ló máa ń sọ fún àwọn ọ̀gá pé àwọn tó kọjá níbí ru ẹrù, ẹnì kan nínú wọn ń ṣàìsàn, ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹni tí o bá mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, o ti mọ ojú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́rú, ó fi etí aṣọ ìlékè rẹ̀ gbá iyanrìn iwájú àgọ́ kékeré títí ó fi tẹ́jú bí omi inú àwo. Ó gbé àṣá ọdẹ tirẹ̀ sọ́wọ́, ó kígbe kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ pé òun ń lọ jẹ́ kó fò, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Ó jẹ́ kí ẹyẹ náà fò. Ó ń fi okùn yí ìyẹ́ tí wọ́n dì bí ẹyẹ láti fi pe àṣá padà, àṣá ń já bọ́ lé e, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹyẹ náà mọ̀. Ó bà lé òkè kan, ó kọ̀ láti wá, ó ń wò ó, kó tó padà bà lé ọwọ́ rẹ̀ níkẹyìn.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tó padà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ sí àgọ́ kékeré, ó sì dúró.

Ojú sálúbàtà Múdì ni.

Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Àpá ibi tí aránbàtà ti rán ìdí èyí òsì nígbà tó ya wà níbẹ̀, bí ó ṣe máa ń wà láàárín ilé wọn lójoojúmọ́. Fàlíhì dúró títí àṣá orí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìyẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á bó ṣe yẹ kó kà á. Sálúbàtà aya rẹ̀ ni, kì í ṣe ìrìn aya rẹ̀. Múdì a máa yí ẹsẹ̀ síta. Èyí ń yí i sínú, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ń wọlẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wá láti àfonífojì, láti ìhà ibùdó Dàkílì. Ìhà ibẹ̀ náà ló padà sí.

Ohun kan wà tí kò bára mu. Ìyá Dàkílì kì í rìn láìsí ọ̀pá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ a sì máa wọ́ nílẹ̀. Kò sí ihò ọ̀pá níbẹ̀, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ wọ́. Tó bá jẹ́ olè ẹnubodè ni, Fàlíhì ì bá ti dúró lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ jalè á fi ọ̀pá sílẹ̀, á sì fara da ẹsẹ̀. Ó ti mọ ẹni tó ń wá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ibi tó ń lọ kì í wo ojú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì, àgọ́ Dàkílì kún. Àlejò wá láti Jahra, àwọn kan wá láti ìlú ńlá. Olú abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fágà ti yọ, wọ́n ti bọ̀ ọ́, wọ́n ti fi bọ́tà sí i, àwo rẹ̀ wà láàárín, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgọ́. Lẹ́yìn ìkélé, ohùn àwọn obìnrin ń dún. Àwọn obìnrin ilé Fàlíhì náà wà lára wọn.

Fàlíhì jókòó níbi ọlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dàkílì. Wọ́n bu kọfí fún un. Ó gba ife kékeré náà, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀, kò sì mu ún.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan àgọ́, títí ó fi rọlẹ̀ dé èkejì. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ìtumọ̀ ife tí a kò mu. Ó ní ohun tí àlejò fẹ́ gbà lọ́wọ́ onílé. Bí onílé bá ti ní kó mu ún, ó ti fún un, kò sì lè yí i padà mọ́.

"Àfi kó má jẹ́ àṣá funfun yẹn lo fẹ́ o," ẹnì kan wí lẹ́yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Dàkílì fọwọ́ lé àyà. "Mu kọfí rẹ, Bàbá Sánádì. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ àgọ́ yìí, tìrẹ ni."

"Ọlọ́run á bù kún ọ. Obìnrin kan láti àgọ́ yìí ń wọ sálúbàtà aya mi lọ sídìí òfì rẹ̀. Ó ń fọwọ́ kan iṣẹ́ tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Mo fẹ́ kó jáde, kó rìn lórí iyanrìn níwájú mi."

Ohùn àwọn obìnrin dákẹ́ lẹ́yìn ìkélé. Náṣímì, ọmọ Dàkílì, dìde.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí sí ilé wa?"

"Jókòó," Dàkílì wí.

"Ṣùgbọ́n—"

"Mo ti fún un. Jókòó." Ó yíjú sí Fàlíhì, kò sì pè é ní bàbá ẹnikẹ́ni mọ́. "Fàlíhì, ṣé o mọ ohun tí o bèèrè?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ohùn arúgbó kan wá láti ẹ̀yìn ìkélé. "Ẹ gbé ọ̀pá mi wá. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin ti ní kí n wá rìn kí òun wò mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Dàkílì yọ síta láti ẹ̀gbẹ́ àgọ́, ìbòjú rẹ̀ lójú, ọ̀pá lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin jáde, wọ́n ń wo ilẹ̀ nítorí ìtìjú. Ó dúró níbi tí iyanrìn ti mọ́.

"Ṣé kí n yára ni, àbí kí n jó?"

"Ẹ rìn bí ẹ ṣe máa ń rìn, Ìyá."

Ó rìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́, ọ̀pá ń dá ihò sílẹ̀. Ó dé òpin, ó yípadà. "Kà á, ọlọ́pàá."

Fàlíhì kò nílò láti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ tóóró ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọlẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ.

"Kì í ṣe tiyín."

"Sọ ọ́ sókè. Etí mi ti di."

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ yín, Ìyá."

"O ń ka ẹsẹ̀ olè ní ẹnubodè, o ń gba ìyìn. Ihò ọ̀pá mi tí kò sí níbẹ̀, o kò rí i?"

"Mo rí i."

"O rí i." Arúgbó náà mi orí. "Èyí ló burú jù."

Dàkílì dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Fàlíhì, níwájú gbogbo ènìyàn ni mo ti fún ọ ní ohun tí n kò ní. Kí ni kí n wá ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹnu mi?"

Wọ́n padà sínú àgọ́ nítorí kò sí ohun mìíràn láti ṣe. Ife náà ṣì wà nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe jókòó ni ìsàlẹ̀ ìkélé mì. Ọwọ́ kan ti sálúbàtà méjì láti abẹ́ rẹ̀ wá sí apá àwọn ọkùnrin. Aránbàtà ti rán ìdí èyí òsì.

"Bàbá," ohùn kan wí lẹ́yìn ìkélé, "ẹ mu kọfí yín. Èmi ni."

Sánádì ló kọ́kọ́ mọ ohùn náà. "Tárífà?"

"Èmi ni. Ìyá Sánádì ló kọ́ mi. Nígbà tí wọ́n wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n so òwú mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń kọ́ mi nírọ̀lẹ́. Wọ́n fún mi ní sálúbàtà yẹn, wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n má fi àwọn sílẹ̀ lórí èèkàn."

Fàlíhì ń wo sálúbàtà náà. Ó rántí àwọn ìrọ̀lẹ́ tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, tó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin méjì nínú yàrá. Ó rò pé tẹlifóònù ni wọ́n ń wò. Ó ti bá Tárífà wí nítorí tẹlifóònù yẹn.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin àti onítọ̀hún ni."

Fàlíhì fa sálúbàtà náà mọ́ra.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí etí aṣọ," Tárífà tún wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Ìyá Dàkílì ló ń fi hàn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ibí lọ, tí mo ń gba ibí bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ."

Arúgbó náà ti mọ̀ nígbà náà. Ó mọ̀ nígbà tó ní kí wọ́n gbé ọ̀pá òun wá, ó mọ̀ nígbà tó ń rìn lórí iyanrìn níwájú ọmọ rẹ̀ àti àwọn àlejò ọmọ rẹ̀. Ó fi ojú ara rẹ̀ bo ọmọ ọlọ́mọ.

Fàlíhì gbé ife náà. Kọfí ti tutù. Ó mu ún tán, ó sì mi ife láti fi hàn pé ó tó.

"Dàkílì," ó wí, "mo ṣe ìyá rẹ àti ilé rẹ ní ohun tí kò yẹ. Ẹ sọ ẹ̀tọ́ yín."

Dàkílì ya ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀yìn ìkélé yára jù ú lọ.

"Èmi lo ní kí n rìn, èmi ni n ó sọ ẹ̀tọ́. Ọmọ yìí á parí iṣẹ́ náà lójúmọmọ, kó yéé rìn bí ológbò. Ìwọ Fàlíhì, ìwọ lo máa di òwú mú fún un."

Ẹnì kan fún ẹ̀rín mọ́ imú, kò ṣeé fún mọ́.

"Ọlọ́pàá ẹnubodè di òwú mú!"

"Ẹ ṣọ́ ọ kó má fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é o!"

Dàkílì náà rẹ́rìn-ín níkẹyìn, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ogójì ọdún náà ni. Fàlíhì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo gbà."

Ó sì ṣe é. Ní gbogbo oṣù kejì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó ń jókòó lórí ẹní nínú àgọ́ kékeré, òwú yí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ká, Tárífà sì ń hun. Àlejò tó bá ti mu kọfí tán á yà wá wò ó. Àwọn kan mú ọmọ wọn wá. Rafíìkì a máa gbé tíì wá ju bí ó ti yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ kan ó fi ẹnu na ìlà funfun.

"Kí ni èyí?"

"Kí ẹ lè mọ ibi tí ọwọ́ wọn parí sí, Bàbá."

Fàlíhì wo ìlà náà.

"Tìrẹ wọ́."

"Ìyá Dàkílì náà ní ó wọ́."

"Ohun tó máa ń sọ fún ìyá yín náà nìyẹn," ó wí, ó sì na ọwọ́ síwájú kí òwú lè yọ́ dáadáa.

Ní oṣù kẹta, ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn kó kúrò ní aṣálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí. Tárífà hun aṣọ náà tán, ó sì gé e kúrò lórí èèkàn. Wọ́n ká a, wọ́n fi aṣọ mìíràn wé e, ó di ìkélé ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n wó àgọ́, wọ́n dì í. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù ti lọ tán, Fàlíhì dúró sẹ́yìn, ó rìn yí ibùdó ká láti wò bóyá wọ́n gbàgbé nǹkan.

Èyí tó kù sílẹ̀ nìyí. Eérú ibi ìdáná kọfí, ó ṣì ń gbóná lábẹ́. Èèpo fágà tí àwọn èèrà ń gbé lọ. Ìyẹ́ àṣá kan. Kóró dàbínù. Káàdì kan tí àwọn àgbà ti fi gbogbo ìgbà òtútù sọ pé ẹnì kan jí, ó wà lábẹ́ ibi tí ẹní wà. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì Rafíìkì. Ihò èèkàn mẹ́rin. Fọ́nrán òwú funfun kan. Ojú sálúbàtà Múdì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú, láti ibi tí òfì wà dé ibi tí ẹnu ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀.